Taguette: ọ̀fẹ́ ni, ó sì gbọ́ iṣẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ṣe ìwádìí, tí owó NVivo (ètò kọ̀ǹpútà olówó fún irú iṣẹ́ yìí) ò sí lápò yín, ẹ gbìyànjú Taguette, ètò tẹ́ ẹ lè fi sàmì sí ọ̀rọ̀ inú fáìlì yín. Ẹ lè lò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí kẹ́ ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà yín.

Àjọ àwọn oníṣòwò ní ọjà Bódìjà ni mo fi ṣiṣẹ́ lé lórí. Mo kó ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àkọsílẹ̀ ohun tí mo fojú ara mi rí, àti ìwé àjọ tí mo tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, sínú rẹ̀. Mo wá fi àmì “ìtanràn” sára gbogbo ibi tó bá ti jẹ yọ. Tẹ́ ẹ bá tẹ àmì náà, gbogbo rẹ̀ á tò síwájú yín, pẹ̀lú orúkọ fáìlì tó ti wá. Ìyá kan ní àwọn kì í gba ìtanràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé àjọ wọn ní ₦200 ni fẹ́ni tó bá pẹ́. Ṣé irọ́ ni màmá pa? Rárá o. Nígbà tí mo padà lọ bi wọ́n, wọ́n ní wọ́n máa ń fojú fo àwọn ọlọ́mọ lọ́wọ́, àwọn yẹn ni wọ́n ń rò.

Triangulation gan-an nìyẹn: kéèyàn fi ẹ̀rí kan wé òmíràn kó tó gbà á gbọ́. Oríṣi mẹ́rin ni Norman Denzin, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, pín in sí: orísun dátà, olùwádìí, tíọ́rì àti ọ̀nà ìwádìí. Tó bá kan ti olùwádìí, ẹ ṣọ́ra: tẹ́ ẹ bá jọ wà nínú iṣẹ́ kan náà lórí Taguette, ẹnìkejì yín ń rí àmì yín, ìyẹn sì lè darí èrò rẹ̀. Kí kálukú ṣí iṣẹ́ tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Taguette kì í gba ohùn tàbí fídíò. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ inú wọn sílẹ̀.