Serpico: Fíìmù nípa Ọlọ́pàá Tí Kò Gba Rìbá

Fíìmù Serpico, tí Sidney Lumet darí tí ó sì jáde ní ọdún 1973, dá lórí ìtàn Frank Serpico, ọlọ́pàá ìlú New York tí ó kọ̀ láti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín owó rìbá. Ìran kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbàgbé: wọ́n fi owó sínú àpòòwé fún un, ó gbé e tọ ọ̀gá kan lọ, ọ̀gá náà sì là á yé e pé bí ó bá jẹ́rìí sí i, inú odò ni wọn yóò ti rí òkú rẹ̀, nítorí náà kí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Ìwà ìbàjẹ́ tí ó ti di àṣà nìyẹn, tí àwọn tí ó yẹ kí wọ́n fòpin sí i wá ń dáàbò bò ó.

Al Pacino, òṣèré tí ó ṣe Serpico, kò sọ ọkùnrin náà di ẹni mímọ́ rárá. Ó máa ń bínú, ó ń jágbe mọ́ obìnrin tí ó fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á, síbẹ̀ ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó sinmi. Ohun tí ó dùn mí ni pé wọn kò fún àwọn obìnrin inú fíìmù náà ní iṣẹ́ gidi ṣe. Orin rẹ̀ pàápàá máa ń já lu ìran tí ìdákẹ́jẹ́ ì bá tó fún. Síbẹ̀, mo rọ ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti òdodo bá jẹ lógún láti wò ó.