Al-Maktaba al-Shamila: ẹ fi wádìí "Ìmáàmù sọ pé" kẹ́ ẹ tó gbà á

Ọ̀fẹ́ ni Al-Maktaba al-Shamila, ilé ìkówèésí orí kọ̀ǹpútà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé Lárúbáwá ló wà nínú rẹ̀, tó o bá sì ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, o ò nílò dátà mọ́ láti kà á. Àpótí ìwákiri rẹ̀ ni mo fẹ́ yìn, torí òun ni mo fi ń mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni àwọn àfáà àtijọ́ sọ ohun tí wọ́n ń fi sí wọn lẹ́nu nípa ìròyìn Ọlọ́hun.

Ẹ wo Ìmáàmù Malik, tó kú ní 795. Ó wà nínú Muwatta, ìwé hàdíìsì rẹ̀, pé Olúwa wa máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí sánmọ̀ ilé ayé lóròòru, nígbà tó bá ku ìdámẹ́ta òru. Níbi wáàsí, apá kan á ní Malik ṣàlàyé rẹ̀ pé àṣẹ Ọlọ́hun ló ń sọ̀ kalẹ̀. Apá kejì á ní irọ́ ni.

Mo tẹ gbólóhùn náà ní Lárúbáwá, ó gbé mi dé at-Tamhid, ìwé Ibn Abd al-Barr ará Andalus. Ọ̀dọ̀ Habib, akọ̀wé Malik, ni wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ náà. Mo tún wá Habib: Abu Dawud, onímọ̀ hàdíìsì, ní ó wà lára àwọn tó ń parọ́ jù. Ẹ má tíì pa ìwé dé o. Níbẹ̀ náà ni Ibn Abd al-Barr ti mú ọ̀nà kejì wá, láti ọ̀dọ̀ Jami ibn Sawada, tó gbà á lẹ́nu Mutarrif, tí Mutarrif gbà á lẹ́nu Malik. Habib kò sí níbẹ̀ rárá, àmọ́ ad-Daraqutni, onímọ̀ hàdíìsì mìíràn, ti ní Jami alára kò lágbára, ìyẹn ni pé kò ṣeé gbára lé.

Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyí: àwọn tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà kì í dárúkọ Habib, àwọn tó kórìíra rẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé ọ̀nà kejì wà. Ọmọ kéwú tó jókòó síwájú wọn ńkọ́? Lójú tèmi, ọ̀nà méjèèjì kò tó gbé "Malik sọ pé" dúró. Ohun tí al-Walid ibn Muslim gbọ́ lẹ́nu Malik ni mo dì mú: ẹ jẹ́ kí irú àwọn hàdíìsì bẹ́ẹ̀ máa lọ bí wọ́n ṣe wá.

Irú rẹ̀ náà ni ti Ìmáàmù Ahmad lórí "Olúwa rẹ sì dé" nínú Suratul-Fajr: al-Bayhaqi ní Ahmad sọ pé ẹ̀san Rẹ̀ ló dé, ó sì ní sánádì náà, ìyẹn orúkọ àwọn tó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara wọn, mọ́. Àwọn Hanbali kan, ìyẹn àwọn tó ń tẹ̀ lé Ahmad, kò gbà.

Lárúbáwá ni gbogbo ìwé inú Shamila, ẹni tí kò gbọ́ ọ dáadáa kó jókòó ti àfáà rẹ̀. Títẹ̀ ni wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, nítorí náà ẹ fi wé ìwé gidi kẹ́ ẹ tó gbé e lọ síbi àríyànjiyàn. Ó sì lè gbé gbólóhùn kan ṣoṣo síwájú yín. Ẹ ka ojú ìwé tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá ti ka Risala Ibn Abi Zayd, ìwé àwọn Maliki, nílé kéwú, "bi-dhatihi" ("Òun fúnra Rẹ̀") tó wà níbi ọ̀rọ̀ Ìtẹ́ Ọlá ni kó kọ́kọ́ wá, kó wo ohun tí àwọn tó ṣàlàyé ìwé náà bá ara wọn fà lórí ẹ̀.