Rọ́bà tí mo fi sábẹ́ ẹ̀rọ ìfami mi: ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí tí ẹ ó rà

Bí ẹ̀rọ ìfami yín bá ń mi ilé tìtì, ẹ ra rọ́bà mẹ́rin yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta èyí tó le jù fún yín, nítorí èyí tó rì díẹ̀ lábẹ́ ẹrù ló ń ṣiṣẹ́.

Rọ́bà dúdú róbótó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Irin pẹlẹbẹ kan wà lókè, òmíràn wà nísàlẹ̀, bóòtù sì yọ lára méjèèjì. Irin òkè kò kan ti ìsàlẹ̀ rárá. Kò lo iná, kò ní wáyà, kò sí ohun tí à ń tẹ̀.

Ẹ̀rọ tèmi máa ń yí nígbà 1,450 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn bí ìgbà 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí apá kan ohun tó ń yí nínú rẹ̀ bá fi díẹ̀ wúwo ju apá kejì lọ, á máa ti ẹ̀rọ síwá sẹ́yìn nígbà 24 yẹn. Nígbà tí ẹ̀rọ wà lórí kọnkéré tí wọ́n fi bóòtù dè é mọ́lẹ̀, ilẹ̀ ló ń gba gbogbo rẹ̀, ògiri á sì gbé e dé yàrá òkè. Ní báyìí tó wà lórí rọ́bà, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ohunkóhun tó bá jókòó sórí nǹkan tó rọ̀ ní iye ìgbà tirẹ̀ tó máa ń fì bí a bá tì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Yíyí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ju iye yẹn lọ ní ìlọ́po 1.41, ó kéré tán, kí rọ́bà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín gbígbọ̀n kù. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ńṣe ni rọ́bà á tún máa bù kún un.

Rúlà lásán la fi ń mọ̀ ọ́n. Mo wọn gíga rọ́bà kí n tó gbé ẹ̀rọ lé e, mo sì tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀. Rọ́bà tó bá rì ní mílímítà 1 á mú kí ẹ̀rọ máa fì bí ìgbà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá. Èyí tó bá rì ní mílímítà 3 á sọ ọ́ di 9. Pẹ̀lú 9, bí ìdá kan nínú mẹ́fà gbígbọ̀n ló ń dé ilẹ̀; pẹ̀lú 16, ó ju ìdajì lọ dáadáa. Òótọ́ ni pé rọ́bà máa ń le díẹ̀ sí i nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò ní rí bẹ́ẹ̀ géérégé. Olùtajà fẹ́ kí n mú èyí tó lè gbé ìlọ́po ẹrù mi, ó ní á pẹ́ jù. Mo kọ̀. Ìyẹn ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ má rì rárá. Apá ibi tí mọ́tò wà ló wúwo jù lára ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tí mo fi mú rọ́bà tó le díẹ̀ sí i fún ẹsẹ̀ méjì ibẹ̀, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè rì dọ́gba.

Mo gbé ife omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí ẹ̀rọ. Tẹ́lẹ̀, ojú omi kún fún òrùka wẹ́wẹ́ tó ń sá lọ sí etí ife. Ní báyìí, ó tẹ́jú. Nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ̀rọ tàbí tí a bá pa á, ó máa ń jà pìtìpìtì fún ìgbà díẹ̀, torí pé yíyí rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìgbà 9 ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn kọjá, níbi tí rọ́bà ti ń bù kún gbígbọ̀n. Ẹ má bẹ̀rù. Rọ́bà fúnra rẹ̀ ń sọ díẹ̀ nínú agbára náà di ooru, ìyẹn ni kò fi jà tó bí ì bá ṣe jà ká ní irin sípíríǹgì lásán ni.

Ariwo kò tíì tán o. Páìpù irin tó ti inú ẹ̀rọ wọ ògiri ṣì ń gbé gbígbọ̀n kọjá bí ẹni pé kò sí rọ́bà kankan, àfìgbà tí mo fi ọ̀pá rọ́bà kúkúrú já a láàárín. Ẹ ra ìyẹn pọ̀ mọ́ ọn.

Wọ́n kọ ọ́ sára páálí pé ó ń mú gbogbo gbígbọ̀n kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ló gbà sílẹ̀. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, ó tiẹ̀ fi díẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ gan-an dákẹ́, ohun tí Hermann Frahm, ará Jámánì, gba ìwé-àṣẹ lé lórí ní Amẹ́ríkà ní 1911 ló ń wá: ẹrù kékeré lórí sípíríǹgì tirẹ̀, tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ, tí wọ́n ṣe kó máa fì ní iye ìgbà kan náà tó ń dààmú ẹ̀rọ. Ẹrù yẹn ni á máa gbọ̀n dípò rẹ̀. Irú ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù irin ńlá tó tó tọ́ọ̀nù 660 tí wọ́n so rọ̀ sínú ilé gíga Taipei 101 ní Taiwan nítorí ìjì.

Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo yọ ọ̀kan nítorí pé kìlógíráàmù tó lè gbé nìkan ni wọ́n kọ, wọn ò sọ mílímítà tó máa rì lábẹ́ ẹrù. Ẹ sì máa nu epo kúrò lára rẹ̀. Rọ́bà àdánidá ni, epo máa ń mú un wú, á sì bà á jẹ́.