EPA PMF 5.0 lórí fílítà Ògbómọ̀ṣọ́: ó dára, ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń dà á láàmú

Ọ̀fẹ́ ni PMF (Positive Matrix Factorization), sọ́fítíwià tó ń fi ohun tó wà lórí fílítà tí a fi gba eruku afẹ́fẹ́ wá ibi tí eruku náà ti wá. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, ló gbé ẹ̀dà 5.0 jáde ní 2014, orí Windows ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ fún un ní iye irin, pọ̀tásíọ̀mù, síńkì àti òjé tó wà lórí fílítà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, á kó àwọn èròjà tó jọ ń rìn sí ọ̀wọ́ kan (bí orísun kan), á sì sọ iye tí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan gbé wá. Kì í jẹ́ kí iye náà bọ́ sí òdì púpọ̀. Kò kúkú sí jẹnẹrétọ̀ tó ń gba èéfín rẹ̀ padà.

Fáìlì méjì ló ń béèrè: ti iye èròjà àti ti iyèméjì (bí àṣìṣe ìwọ̀n náà ṣe lè tó). Ibi kejì yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Iye tí kò tó èyí tí ẹ̀rọ lè rí (MDL), ẹ fi ìdajì MDL rọ́pò rẹ̀, kí iyèméjì rẹ̀ jẹ́ 5/6 × MDL. Tó bá ju MDL lọ: √[(ìdá àṣìṣe × iye)² + (0.5 × MDL)²]. Kò gba òdo tàbí àlàfo níbẹ̀. Èròjà tó ń ṣe ségesège, ẹ sọ ọ́ di Weak (aláìlágbára), PMF á sọ iyèméjì rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta. Bákan náà ni kí ẹ ṣe àpapọ̀ eruku.

Ọyẹ́ gan-an ni wàhálà tiwa. Láti November sí February, eruku Sàhárà àti èéfín igbó tí wọ́n ń sun jọ ń dé ni, pọ̀tásíọ̀mù sì wà nínú méjèèjì. Ohun tó ń lọ sókè sódò lọ́jọ́ kan náà, PMF kò lè yà wọ́n. Fílítà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan á fún yín ní ọ̀wọ́ kan tó jẹ́ eruku pẹ̀lú èéfín, tí ẹnì kan á wá sáré pè ní "igbó sísun". Ẹ kó ti ìgbà òjò mọ́ ọn, kí ẹ sì wọn kábọ̀n dúdú (èérú dúdú inú èéfín).

Ẹ ṣe é ní ìgbà 20 fún iye ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, láti 3 títí dé 6. Q ni PMF fi ń sọ bí èsì rẹ̀ ṣe jìnnà sí dátà tó: Q(true) ka gbogbo rẹ̀, Q(robust) dín agbára iye tó ṣàjèjì kù. Bí Q(true) bá fi púpọ̀ ju Q(robust), ọjọ́ kan tàbí méjì ló ń fà á; ọjọ́ ọyẹ́ líle ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí. Lẹ́yìn náà, Bootstrap 100 (títún ṣe é pẹ̀lú ọjọ́ tí a ṣà lásán), kí DISP (títi iye inú ọ̀wọ́ síwá sẹ́yìn láti wò bóyá ó dúró) tẹ̀lé e. Bí ọ̀wọ́ bá ń pààrọ̀ ipò ní dQmax (bí DISP ṣe lè jẹ́ kí Q yí tó) tó kéré jù, ọ̀wọ́ yín ti pọ̀ jù.

Fílítà 30 péré lẹ ní? Ẹ má wulẹ̀ ṣí PMF. Ẹ pín síńkì fún irin nínú fílítà, ẹ fi wé ti iyẹ̀pẹ̀. Tó bá ju ìlọ́po 10 lọ, kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ló ti wá.