Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń wá dẹ́ẹ̀kì kásẹ́ẹ̀tì gidi rà l'Ékòó

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọkùnrin kan ń ta dẹ́ẹ̀kì kásẹ́ẹ̀tì tòkúnbọ̀ káàkiri WhatsApp àti Facebook l'Ékòó báyìí, gbájúẹ̀ sì ni. Bó bá di òní, á ní Ìdúmọ̀tà ni ṣọ́ọ̀bù òun wà. Bó bá di ọ̀la, á ní kí ẹ wá bá òun lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba. Orúkọ kò lè ràn yín lọ́wọ́, torí èyí tó fi bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí àkáǹtì tí owó wọ̀, èyí tó sì ń lò báyìí tún yàtọ̀ sí méjèèjì. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Kì í ṣe rédíò kásẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ló ń tà o. Dẹ́ẹ̀kì ńlá ni, èyí tí wọ́n ń tò mọ́ áńpílífáyà: Technics, Sony, Akai, Pioneer, nígbà mìíràn á tiẹ̀ ní òun ní Nakamichi. Ó mọ irú ẹni tó ń wá a, àwa tí kásẹ́ẹ̀tì fùjí, àpàlà, wákà àti wáàsì kún àpótí wa, tí a sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn kò sí níbòmíràn mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo ń wí yìí, Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ń gbé. Kásẹ́ẹ̀tì ìsọmọlórúkọ àti òde àríyá ilé wọn ni wọ́n fẹ́ máa fi gbọ́, ohùn àwọn àgbà tó ti lọ ló wà nínú ẹ̀. ₦280,000 lọkùnrin yìí gbà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí fídíò, torí òun ni ìdẹ. Ẹ ó rí dẹ́ẹ̀kì tí wọ́n nù títí tó ń dán, kásẹ́ẹ̀tì ń yí nínú rẹ̀, iná mítà ń fò sókè sódò, orin sì ń dún kedere láìsí ariwo kankan lábẹ́ rẹ̀. Orin yẹn kò ti ara kásẹ́ẹ̀tì wá rárá. Ó so fóònù rẹ̀ mọ́ ihò Line In tó wà lẹ́yìn dẹ́ẹ̀kì, ó wá tẹ Record. Bí dẹ́ẹ̀kì bá ti ń gba ohùn sílẹ̀, ohun tó ń ti ẹ̀yìn wọlé náà ló máa ń gbà jáde lọ sí sípíkà. Mítà á máa jó, kásẹ́ẹ̀tì á máa yí, bẹ́ẹ̀ héẹ̀dì, irin kékeré tó ń ka téèpù, lè ti jẹ tán, kó má lè ka nǹkan kan mọ́.

Mo wo fídíò tó fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní àwòtúnwò. Ó kọ iye owó sórí bébà kékeré, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú dẹ́ẹ̀kì lápá ọ̀tún. Ibi tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ yẹn gan-an ni iná pupa Record máa ń wà lórí irú dẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ àwòrán náà lójú, ẹ ó rí i pé etí bébà ń pọ́n.

Ohun tí ẹ ó ní kó ṣe kò le. Ẹ ní kó lo kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ṣẹ́ eyín rẹ̀. Ẹ rántí eyín kékeré méjì tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, tí àwọn bàbá wa máa ń ṣẹ́ kí ọmọdé má baà gba ariwo lé orin wọn lórí? Bí wọ́n bá ti ṣẹ́ ẹ, Record kò ní wọlé. Kásẹ́ẹ̀tì tí ilé iṣẹ́ orin bá tẹ̀ jáde kì í tiẹ̀ ní eyín láti ilé. Kó kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì náà han kámẹ́rà, torí sẹ́lótéèpù lásán la fi ń dí ihò yẹn tí Record fi ń padà wọlé. Kó wá tẹ Play, kó dá a dúró, kó yí i sẹ́yìn díẹ̀, kó tún tẹ̀ ẹ́, kí ibi kan náà tún kọ. Inú fídíò kan ṣoṣo tí kò gé ni kí gbogbo rẹ̀ wà. Àbúrò mi obìnrin kan ránṣẹ́ sí i bí ẹni tó fẹ́ rà, ó sì béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Èsì tó fún un ni pé, "Àǹtí, ẹ ò fọkàn tán mi nìyẹn." Kò fèsì mọ́ láti ìgbà náà.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ iná, èyí ló sì dùn mí jù, torí ó lè jólé. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, òórùn ti gba pálọ̀ kan, bí ìgbà tí rọ́bà bá jóná. Wọ́n ti yọ dẹ́ẹ̀kì náà kúrò lára iná. Mo yí ẹ̀yìn dẹ́ẹ̀kì sójú ìmọ́lẹ̀. Wáyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ti gbó, ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta orí rẹ̀ jẹ́ tuntun, irú èyí tí à ń lò níbí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wáyà gbà wọlé, ó lẹ sítíkà funfun kan, ó kọ ọ́ sí i pé wọ́n ti tún un ṣe, ó sì ti dáa. Mo fi èékánná họ ọ́ kúrò. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni 100V.

Iná ilé ní Japan, 100 folti ni. Tiwa ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Dẹ́ẹ̀kì tí wọ́n ṣe fún àwọn ará Japan fúnra wọn, 100 náà ni tíráńsífọ́mà inú rẹ̀ ń retí. Ọkùnrin yìí gé púlọ́ọ̀gì pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kúrò, ó fi tiwa sí i, ó bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀, ó sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi í sí iná tààrà. Nígbà tí mo tú ìdérí rẹ̀, fúùsì tó yẹ kó já kí nǹkan tó bàjẹ́ ti di wáyà tí wọ́n fi jo ẹnu méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá ṣe ìyẹn kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Mo pè é. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná NEPA yín ló ga jù." Mo ní kó sọ fún mi, kí ló wà lábẹ́ sítíkà. Ó pa fóònù, ó sì búlọ́ọ̀kì nọ́ńbà wa.

Ẹ má wá tìtorí èyí sá fún gbogbo dẹ́ẹ̀kì 100 folti o. Lára àwọn tó dáa jù lọ wà níbẹ̀. Step-down, ẹ̀rọ tó ń dín folti iná kù, ni wọ́n ń fẹ́, kí ẹ sì béèrè èyí tó ń mú 100 jáde, torí 110 ló wọ́pọ̀ nínú ọjà, ó sì ti ga díẹ̀. Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n ní ibi tí ẹ ó ti yí folti wọn lẹ́yìn. Ẹ ṣáà ní kó ya àwòrán ẹ̀yìn ẹ̀rọ ránṣẹ́, kí nọ́ńbà rẹ̀ ṣeé kà, kó má lẹ nǹkan kan mọ́ ọn.

Gbogbo dẹ́ẹ̀kì tó ń tà ló máa ń pè ní "three-head," ìyẹn ni pé ó ní héẹ̀dì mẹ́ta. Ẹ mọ̀ pé dẹ́ẹ̀kì tó wọ́pọ̀, héẹ̀dì méjì ló ní: ọ̀kan ń pa ohùn àtijọ́ rẹ́, ìkejì ń gba ohùn sílẹ̀, òun náà ló sì ń kà á. Dẹ́ẹ̀kì olówó ńlá ló ní mẹ́ta, tí èyí tó ń gbà á sílẹ̀ àti èyí tó ń kà á fi yàtọ̀. Láti ọdún 1973 tí Nakamichi ti gbé dẹ́ẹ̀kì tó ń jẹ́ 1000 jáde ni irú rẹ̀ ti wà, owó rẹ̀ sì le. Kò sí ohun tí ẹ lè rí láti ojú ìta tí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n, àfi bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Source àti Tape tàbí Monitor sí. Ẹ fi kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní nǹkan nínú sí i, ẹ gba orin sílẹ̀ láti fóònù, kí ẹ máa yí bọ́tìnnì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún bó ṣe ń gbà á. Bó bá jẹ́ mẹ́ta lóòótọ́, orin á fà sẹ́yìn fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ bá ti bọ́ sí Tape, nítorí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ sára téèpù lẹ ń gbọ́. Bí nǹkan kan kò bá yàtọ̀, wọ́n ń parọ́ fún yín. Ẹ̀rọ tó ta fún ẹ̀gbọ́n mi kò tiẹ̀ ní bọ́tìnnì yẹn rárá. Ó tún ní 1983 ni wọ́n ṣe é, pé Dolby S, ohun tó ń dín ariwo téèpù kù, wà nínú rẹ̀. Dolby S kò jáde títí di 1989.

Bó bá ní Nakamichi Dragon tuntun nínú páálí lòun ní, ẹ bá ọ̀nà yín lọ. 1982 ni Dragon jáde, ó sì ti pẹ́ gan-an tí wọ́n ti dẹ́kun ṣíṣe é. Tòkúnbọ̀ ni gbogbo èyí tó kù.

Rọ́bà inú dẹ́ẹ̀kì, ìyẹn bẹ́líìtì tó ń yí téèpù, ni àṣírí tó máa ń pẹ́ kó tó tú. Bẹ́líìtì tó ti gbó máa ń fẹ̀, àwọn mìíràn á tiẹ̀ yọ́ bí ọ̀dà. Bẹ́líìtì gidi kò wọ́n, ṣùgbọ́n ó gbà kí èèyàn tú ẹ̀rọ kó sì wá ìwọ̀n tó bá a mu. Èyí tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á bọ ògbólógbòó nínú omi gbígbóná, á sún kì, á ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀nba àkókò, á tún fẹ̀ nígbà tó bá ti dé ilé yín. Etí ni ẹ ó fi mọ̀. Téèpù kásẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ máa rìn ní sẹ̀ǹtímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò gbọdọ̀ yára, kò gbọdọ̀ fà. Ẹ mú orin tí ẹ mọ̀ dáadáa dání, èyí tí ohùn kan ti ń gùn nínú rẹ̀. Àwa Yorùbá ní àǹfààní níbí: dùndún ń sọ̀rọ̀, bí ìlù bá ti ń sọ ohun tí kò sọ tẹ́lẹ̀, eré téèpù kò dọ́gba nìyẹn. (Bàbá mi kò mọ folti, wọn ò mọ héẹ̀dì, ṣùgbọ́n bí bátìrì rédíò wọn bá ti ń lọ, ìlù ni wọ́n fi ń mọ̀.) Orí kásẹ́ẹ̀tì kan náà ni kí ẹ ti gbọ́ ìparí, kí ẹ má gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nìkan, torí apá ibi tí téèpù bá ti pọ̀ sí ni rọ́bà tó ti rẹ̀ ti máa ń yọ̀.

Héẹ̀dì náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn kásẹ́ẹ̀tì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ó yẹ kó dán geere. Bí ẹ bá rí ojú ọ̀nà tí téèpù ti gbẹ́ sí i, tí èékánná ń kọ́ níbẹ̀, ó ti jẹ. Bó bá kún fún ìlà wẹ́wẹ́, bébà ìfági ni wọ́n fi ha á kó lè dà bí tuntun, ìyẹn ló sì máa họ kásẹ́ẹ̀tì yín.

Ó tún ń ta kásẹ́ẹ̀tì òfìfo tó ní metal ni, Type IV, irú èyí tí wọ́n fi èérún irin ṣe téèpù rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì lásán ló fi ọ̀bẹ gbẹ́ ihò sí lórí, kí dẹ́ẹ̀kì lè rò pé metal ló gbà wọlé, ó wá fi ọ̀rá tuntun wé e. Ihò ilé iṣẹ́ máa ń gún régé. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì máa ń tẹ orúkọ wọn sára ọ̀rá náà, tirẹ̀ kò ní nǹkan kan lára.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ mú kásẹ́ẹ̀tì méjì dání, èyí tí ẹ mọ̀ àti òfìfo kan, pẹ̀lú íípíìsì àti ẹnu rẹ̀ ńlá tó máa ń wọ iwájú dẹ́ẹ̀kì. Inú ihò dẹ́ẹ̀kì gan-an ni kí ẹ ti gbọ́ ọ, ẹ má gbà á láti sípíkà ẹni tó ń tà. Bí wọ́n bá ní iná ò sí, ẹ dúró dìgbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀. "Ẹ ṣáà máa gbé e lọ, bí kò bá dáa ẹ gbé e padà," ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí máa ń sọ nìyẹn, owó á sì ti wọlé kí ẹ tó dé ìdíkọ̀. Mo mọ àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀ l'Áláàbà tí wọ́n á tan dẹ́ẹ̀kì fún yín títí ojú ẹ̀yin fúnra yín á fi máa tì yín, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ọlọ́jà ni mò ń bú.

Ẹ̀yin tó ti kó sí i lọ́wọ́, ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́, ẹ má sì pa fídíò rẹ́. Ẹ tẹ ìwé owó tí ẹ san jáde láti báńkì, kí orúkọ àkáǹtì hàn lórí rẹ̀. FCCPA, òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, fún ẹni tí kò láǹfààní láti yẹ ọjà wò kó tó gbà á ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà. FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló ń bójú tó o, LASCOPA, àjọ ìjọba Èkó, náà sì ń gba ẹjọ́ oníbàárà. A ti gbé ti ẹ̀gbọ́n mi lọ. Bí èèyàn méjì mẹ́ta bá lọ pẹ̀lú orúkọ àkáǹtì kan náà, á rọrùn fún wọn láti tọpa rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Bí ẹ bá sì ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ̀rọ náà ṣì wà nílé yín láìtíì jó, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná lónìí, kí ẹ họ sítíkà ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, kí ẹ ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó tún tàn án.