₦77,500 owó gáàsì oṣù kan: ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ àwọn onípáìpù

Ọdún kẹta rèé tí a ti ń lo gáàsì onípáìpù ní ẹ̀sítéètì wa ní Sùúrùlérè. Táǹkì ńlá wà lẹ́yìn ilé, páìpù gbé e dé kíṣíìnì, mítà wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn, ó tán. Kò sí pé à ń gbé sílíńdà lọ ra gáàsì, kò sí pé gáàsì ń tán lórí ẹ̀wà lálẹ́ Sátidé. Ká ní ẹ bi mí lóṣù méjì sẹ́yìn ni, ìyìn nìkan lẹ ò bá gbọ́.

Àfi bí bíìlì ṣe wọlé sórí WhatsApp mi ní aago mẹ́fà àárọ̀: ₦77,500. Mo rò pé ti gbogbo ilé ni wọ́n ṣì fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi àti ọkọ mi péré la wà nílé, òun náà kì í sì í jẹun ọ̀sán nílé. ₦10,000 ni mo máa ń san, bó pọ̀ tán nígbà Kérésì, ₦13,000.

Mo jókòó tú bíìlì náà. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mítà kì í ka kìlò. Mítà kúbíkì, ìyẹn bí àyè tí gáàsì gbà ṣe tó, ló ń kà, àwọn ló ń sọ ọ́ di kìlò, torí pé gáàsì tó ti di afẹ́fẹ́ nínú páìpù, mítà kúbíkì kan rẹ̀ á tó bíi kìlò 2. Wọ́n ní mo lo 31. Kìlò 62 nìyẹn, ₦1,250 kìlò kan. Ẹ ṣírò rẹ̀ bí ará ọjà: ó ku díẹ̀ kó pé sílíńdà 12.5 márùn-ún, nínú oṣù kan, lórí kúkà olójú méjì. Kí ni mo ń sè, màlúù?

Mo pè wọ́n. Ọmọbìnrin tó gbé e, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà," "Ó yé mi mà". Mo kà á, ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ìparí rẹ̀: "Ohun tí mítà bá kà la máa ń kọ, mà." Mo pè lẹ́ẹ̀kejì, ẹlòmíì ló gbé e, mo tún rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, wọ́n ní kí n san án ná, àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò tó bá yá. Èmi? Kí n san án ná?

Mo gbéra, ó di ọ́fíìsì wọn ní Ìkẹjà. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni mo fi jókòó (fáànù wà níbẹ̀ o, àga tó ṣófo ló kọjú sí). Ọ̀gá kan tó gbé awò ojú sórí wo bíìlì, ó wo èmi náà. "Mà, ṣé kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń gbàgbé iná sílẹ̀?" N ò ní ọmọ ọ̀dọ̀. "Àbí ẹ ń se oúnjẹ tà, ẹ ò fẹ́ ká mọ̀ ni?"

Orí mi gbóná. Mo ní kó kọ ọ́ sórí ìwé pé àwọn ò wá wo mítà, kí n gbé e lọ sí FCCPC, àwọn tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Mo wá gbé fóònù sí i níwájú. Ọjọ́ kìíní oṣù ni mo máa ń ya fọ́tò mítà, bàbá mi ló kọ́ mi látayé mítà iná. Ó sọ awò kalẹ̀ sójú, ó wo fọ́tò méjì. "Háà. Wọ́n ti pààrọ̀ mítà yín." Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà lẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n rán ọmọkùnrin kan wá. Ọmọ yìí ló jẹ́ kí n kọ èyí. Ó bọ́ bàtà kó tó wọ kíṣíìnì mi. Ó po omi ọṣẹ, ó fi fóòmù ra gbogbo oríkèé páìpù, bóyá á hó. Kò hó. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká tì í pa látìdí, ká lọ wo mítà."

Mítà méjì ló wà nínú àgò irin yẹn. Nọ́ńbà dúdú márùn-ún, pupa mẹ́ta. Kò síná ní kíṣíìnì mi, pupa tó kẹ́yìn sì ń yí lórí mítà tí wọ́n ní ó jẹ́ tèmi: 4, 5, 6, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Òórùn dòdò ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi tí aládùúgbò mi ti ń se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn ọ́fíìsì. Ọmọ náà wò mí, mo wò ó. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n paná díẹ̀. Mítà "mi" dúró gbọnin.

Ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ mítà ni wọ́n ti kọ orúkọ mi sí tiẹ̀, tiẹ̀ sí tèmi. Aládùúgbò mi ti lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé owó gáàsì òun já wálẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, bíìlì tuntun dé: ₦9,750. Kò sí "ẹ má bínú" nínú rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ fi ₦500 lé e, owó pé mo pẹ́ san! Mo pe ọ̀gá aláwò. "Ìyẹn kékeré, mà." Mo san án, ó ti rẹ̀ mí.

Dòdò tí aládùúgbò mi máa ń gbé sókè fún wa lọ́jọ́ Ẹtì kò wá mọ́.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọmọ tó bọ́ bàtà ló ni mẹ́ta. Ìkan tó kù, torí pé n ò lè gbé sílíńdà gun àtẹ̀gùn mọ́ ni.