Pátákó ìmọ́tótó oúnjẹ fún ilé ìwé: ká fọwọ́ yà á ni, àbí ká fi kọ̀ǹpútà ṣe é?

Èyí tí a fọwọ́ yà sórí páálí A2 (420 × 594 mm) ló dára jù fún kíláàsì, torí ọmọ tó ya àwo oúnjẹ tí ẹ̀fọ́ àti èso gba ìdajì rẹ̀ kò ní tètè gbàgbé. Lẹ́tà ló sábà máa ń bà á jẹ́: àkọlé á bẹ̀rẹ̀ ní gàdàgbà, àyè á tán, ìparí rẹ̀ á wá há. Ẹ kọ́kọ́ fi rúlà àti pẹ́ńsùlù fa ìlà. Omi sì máa ń mú kí máàkà ṣàn.

Ti kọ̀ǹpútà ni kí ẹ lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọ̀rá bò ó. Ẹ má fa àwòrán kékeré tóbi, á di bàìbàì. Ọ̀rọ̀ bíi “Fi ọṣẹ fọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20” ti tó láti kọ sí i.